Orí dúdú àbí índọ́sírìà, kábọ̀n àbí bátìrì: ẹ wo ìtọ́jú wọn kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ra maṣíìnì ìránṣọ tàbí tọ́ọ̀lù oníná l'Ádò Èkìtì báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi ọlọ́jà ni "èló ni?", èkejì ni "ṣé ó lágbára?", á sanwó, á gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í béèrè pé kí ni nǹkan yìí ń mu, kí ló ń jẹ, ta ló máa tún un ṣe tó bá dákẹ́, ṣé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà l'Ọ́jà Ọba àbí ó di kéèyàn ránṣẹ́ s'Ékòó. Torí náà mi ò ní sọ iye tí wọ́n ń tà á níbí rárá, iye yẹn lè yí padà kí n tó kọ ọ́ tán, ìtọ́jú lásán ni mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn, nítorí owó ọjà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án, ti ìtọ́jú ò ní tán níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń lò ó.

Orí dúdú àti índọ́sírìà

Orí dúdú tí mò ń wí ni èyí tó wà nílé màmá gbogbo wa, tó ní àwòrán aláwọ̀ wúrà lára, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí fọwọ́ yí. Àwòkọ Singer àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní kíláàsì 15 ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn ará China ló sì ń ṣe é wá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ihò ọ́ìlì wà lórí apá rẹ̀, ẹ ṣí irin pẹlẹbẹ tó wà lápá òsì níbi abẹ́rẹ́, ẹ máa rí àwọn irin tó ń lọ sókè sódò, ẹ dà á sẹ́yìn, gbogbo ibi tí irin ti ń ha irin lábẹ́ hàn gbangba. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ẹ kán ẹyọ kan sínú ilé ṣọ́tù níbi tí bóbìn ń gbé, ó tán. Ẹni tó ń rán látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó máa ṣe é lójoojúmọ́, ẹni tó jẹ́ pé aṣọ ilé nìkan ló ń tún ṣe, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Lẹ́yìn náà ẹ fi rán àkísà díẹ̀ kó fa ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù, ẹ má lọ fi léèsì oníléèsì dán an wò.

Nǹkan tó máa ń bàjẹ́ lára ẹ̀ kò pọ̀. Bẹ́líìtì aláwọ yẹn máa ń fà, tó bá ti dẹ̀ ẹ gé ìwọ̀nba kúrò, ẹ fi ìkọ́ irin rẹ̀ so ó padà, ọmọ iṣẹ́ tó ti lo oṣù mélòó kan lè ṣe é.

Índọ́sírìà, maṣíìnì oníná ńlá tí àwọn télọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, ò rí bẹ́ẹ̀. Àwo ọ́ìlì wà lábẹ́ orí rẹ̀, páńpù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń fa ọ́ìlì lọ sókè tó bá ti ń sáré. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí irú Juki DDL-8700 tí gbogbo télọ̀ mọ̀ yẹn lè rán tó ojú abẹ́rẹ́ 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ ta ló fẹ́ máa kán ọ́ìlì sí nǹkan tó ń sáré tó báyẹn? Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ rí i pé ọ́ìlì wà láàárín àmì HIGH àti LOW tó wà nínú àwo yẹn, kẹ́ ẹ sì máa wo fèrèsé róbótó kékeré tó wà lórí rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ kó sáré, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa ta síbẹ̀. Bí kò bá ta, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun lẹ rà, ẹ má sá a dé góńgó eré ẹ̀ nínú oṣù àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù lópin oṣù náà torí ẹ̀rún irin tó máa ń wà nínú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orí dúdú tí kò róhun mu á kọ́kọ́ le lẹ́sẹ̀, á máa dún, á máa bẹ̀ yín títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Índọ́sírìà ò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Tí ọ́ìlì bá gbẹ, ó lè gan mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí aṣọ ẹbí ọdún Ùdìrókò ti kún ilẹ̀, owó tí wọ́n á sì gbà láti tú orí yẹn, ẹ máa rántí mi.

Ọ́ìlì maṣíìnì tó mọ́ gaara tí kò láwọ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún méjèèjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kán ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, àwọn kan ń kán òróró ẹ̀pà, ẹ jọ̀ọ́. Òróró ẹ̀pà á lẹ̀ pọ̀ láìpẹ́ ọjọ́, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sì ki jù, gbogbo eruku ọyẹ́ ló máa gbà mọ́ra, ẹ sì mọ bí eruku ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù láti December títí wọ February. Tó bá ti lẹ̀, kẹrosíìnì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó kán ọ́ìlì tuntun sí i, torí kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kò lè ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì. Ẹ má fi pẹtiróòlù ṣe é o, ó ń bó ọ̀dà, iná sì lè gbà.

Abẹ́rẹ́ wọn náà ò jọra. Ti orí dúdú pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìdí, HAx1 ló wà lára páálí ẹ̀, ti índọ́sírìà róbótó yíká, DBx1 ni tiẹ̀, ojú ọ̀nà gígùn tí òwú ń gbà lára abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sápá òsì. Ti índọ́sírìà yìí le díẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun torí ó lè fi sí i ní wíwọ́, òwú á máa já, wọ́n á ní maṣíìnì ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ kúkú ni nǹkan tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá ti fi rán nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, ẹ yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ tókúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà

Orí dúdú tókúnbọ̀, ẹ yí i, ẹ gbọ́ ọ, ẹ rán an, ó parí. Ti índọ́sírìà lẹ máa fara balẹ̀ sí. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dà á sẹ́yìn kí n rí abẹ́ ẹ̀." Wọ́n á ní, "Àǹtí, ó dáa o, ṣé mo lè gbé èyí tí ò dáa fún yín ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n dà á. Tí ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ bá dúdú, tó ki bí àdín tó jóná, tí ìdọ̀tí òwú wà nínú ẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ò tọ́jú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fọwọ́ yí wíìlì ẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yípo tán, tó bá le níbì kan tó tún rọ̀ níbòmíì, ó ti fẹ́ gan nígbà kan rí. Ẹ di irin abẹ́rẹ́ mú kẹ́ ẹ mì í, kò yẹ kó máa jó. Ẹ tún wo fèrèsé ọ́ìlì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń parí owó sí.

Mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì àti servo

Mọ́tò tó ń yí índọ́sírìà ni mò ń wí, ibí yìí ni owó gidi wà, tí ọ̀pọ̀ ò sì bìkítà fún. Mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó wúwo tó ń hó hùùù, bí ẹ bá ti tan án ó ti ń yí nìyẹn, bóyá ẹ ń rán ni o, bóyá ẹ ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ ni o, ó ń jẹ iná lọ. Servo kì í yí àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í pariwo, ẹ sì lè dín eré ẹ̀ kù, ohun tó jẹ́ kí n máa sọ fáwọn tó ní ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n lọ rà á nìyẹn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tó bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, aṣọ á ti lọ kó tó mọ̀.

Tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á dà á láàmú, torí nígbà tó bá fẹ́ gbéra iná tó máa fà pọ̀ ju èyí tó máa fà lẹ́yìn ìgbà yẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ẹ máa gbọ́ bí jẹ́nẹ́ á ṣe mí kanlẹ̀. Servo rọrùn fún un, ó sì rọrùn fún ìnfátà.

Àmọ́ kò sí oní-dáadáa-nìkan. Kílọ́ọ̀ṣì ò ní pákó ẹ̀rọ nínú, bíárín àti bẹ́líìtì ló ń jẹ, bí ó bá sì jóná, ẹni tó ń yí kọ́ìlì wà ní gbogbo ìlú Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ o, Ìjerò o, Ìkọ̀lé o. Servo ní bọ́ọ̀dù, iná tó bá dé lójijì tó lágbára jù lẹ́yìn òjò alẹ́ lè pa á, ẹni tó sì lè tún bọ́ọ̀dù yẹn ṣe ò pọ̀ ní ìtòsí. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ servo, kó fi owó sitabiláísà kún un látìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa yọ ọ́ lára iná tí òjò bá ti ń ṣú.

Maṣíìnì oníke funfun kékeré, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó dáa fún ilé, kò ṣe é fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, jíà inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike, bí aṣọ òkè tàbí jíǹsì bá fọ́ ọ, rírí èyí tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ ẹ̀ níbí lè di wàhálà. Ti wíìfìn náà, èyí tó ń wé etí aṣọ, ẹ kàn béèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń kán ọ́ìlì sí i àbí ó ní páńpù, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ọ̀bẹ ẹ̀ wà lọ́jà.

Fáílìn àti dírìlì

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ má bínú pé ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn, ará Ìrè Èkìtì tó jẹ́ ìlú Ògún ò ní gbà kí n fi onírin sílẹ̀.

Fáílìn ni maṣíìnì tó ń gé irin tó sì ń ha á. Oníwáyà tó ní kábọ̀n àti èyí tí wọ́n ń pè ní brushless tó ń lo bátìrì, ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kábọ̀n ni ẹ̀yà méjì kékeré tó ń gbé iná wọ ámẹ́ṣọ̀, ìyẹn ibi tó ń yí nínú mọ́tò, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tó bá kù bíi mílímítà 5 ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Iná kékeré aláwọ̀ búlúù tó ń ta nínú ihò afẹ́fẹ́ kò burú, tó bá ti di iná tó yí ámẹ́ṣọ̀ ká, ẹ pa á. Ẹni tó bá ń fi kábọ̀n tó ti tán ṣiṣẹ́ lọ, ámẹ́ṣọ̀ ló máa sanwó ẹ̀, ìyẹn sì lè fẹ́ẹ̀ tó ìdajì owó fáílìn tuntun. Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ wò: àwọn kan ní ìdérí róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí ṣúkúrúdíráfà lásán máa ṣí, kábọ̀n á jáde, àwọn kan àfi tẹ́ ẹ bá tú gbogbo ara ẹ̀. Mi ò lè ra èkejì yẹn láéláé.

Eruku ni ọ̀tá fáílìn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà tó wà nítòsí kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ inú ẹ̀, ẹ wọ gíláàsì o, kí ọ̀pá afẹ́fẹ́ náà má sún mọ́ ọn jù, omi máa ń wà nínú ẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ ò nílò èyí, búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi gbá tiẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti ìdọ̀tí òwú wọnú sí i.

Ti pélébé tó ń gé irin, ẹ wo òrùka irin tó wà láàárín ẹ̀, ọjọ́ tí lílò ẹ̀ máa dópin wà níbẹ̀, lẹ́tà V, oṣù àti ọdún. Eré tó lè gbà náà wà lára ẹ̀: ti mílímítà 115 sábà máa ń jẹ́ 13,300 yíyípo ní ìṣẹ́jú, ti 230 jẹ́ 6,650. Fáílìn kékeré sì ń sáré tó 11,000, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ ìbòrí kẹ́ ẹ lè fi pélébé ńlá sórí ẹ̀, ẹ ń fi ojú ara yín ta tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Brushless ò ní kábọ̀n, ìyẹn dín iṣẹ́ ìtọ́jú kù dáadáa, àmọ́ bátìrì ló wá di kábọ̀n tiẹ̀, kò sì pọ́ọ́kú. Ẹ má jẹ́ kó kú pátápátá kẹ́ ẹ wá gbé e sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tó bá wà ní ìdajì. Abẹ́ páànù tí oòrùn ọ̀sán ń pa kọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ má sì jẹ́ kó gba iná ní kété tẹ́ ẹ bá fi gé irin tán tó ṣì gbóná. Káfíńtà tó ń lọ sórí òrùlé ní Ẹ̀fọ̀n níbi tí iná ò sí, ẹ ra onibátìrì méjì, kí èkejì máa gba iná lọ nílé. Wẹ́dà tó dúró sójú kan tó ní jẹ́nẹ́, oníwáyà ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ ra kábọ̀n méjì sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ta fáílìn fún yín, tó bá ní òun ò ní kábọ̀n ẹ̀, ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e.