Wáyà "DCE" tí kì í ṣe DCE: ẹ ṣọ́ra l'Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ráútà tòkunbọ̀ láti fi kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Mo ra wáyà serial kan lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní Ajílósùn, ₦18,000, láti fi so ráútà Cisco méjì tó ní WIC-2T (káàdì tí wọ́n ń ki wáyà serial bọ̀) pọ̀. Ó lẹ bébà "DCE" (orí tó ń darí àkókò ìsopọ̀) mọ́ orí kan, "DTE" (orí tó ń tẹ̀lé e) mọ́ ìkejì. Mo ní ká dán an wò, ó ní kò síná, jẹnẹrétọ̀ sì ti bàjẹ́. Mo gbà. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Nílé, mo tẹ clock rate 64000, àṣẹ tó ń sọ bí ìsopọ̀ náà yóò ṣe yára tó. Ráútà ní DCE nìkan ni àṣẹ yẹn wà fún. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo wá tẹ show controllers serial 0/0/0, àṣẹ tó ń fi irú orí wáyà hàn, lórí méjèèjì: DTE níhìn-ín, DTE lọ́hùn-ún.

Lórí irú ìsopọ̀ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lu agogo kí èkejì máa jó sí i. DCE ló ń lù ú. Níbi iṣẹ́ gidi, ẹ̀rọ CSU/DSU (èyí tó ń so láìnì mọ́ ráútà) ti ilé-iṣẹ́ tó fún wa ní láìnì ló sábà máa ń lù ú, ṣùgbọ́n nígbà tí ráútà méjì bá kọjú síra lórí tábìlì wa, ọ̀kan nínú wọn ni yóò lù ú. Wọn kì í sì í fẹnu yàn án: bí wọ́n ṣe so pín-ìn inú orí wáyà ló ń sọ fún ráútà irú ẹni tó jẹ́. Bébà ò lè yí i padà. Oníjó méjì, kò sí onílù, line protocol (ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀) ò ní gòkè láé.

Mo padà lọ. Ó ní IOS mi, sọ́fítíwíà tó ń darí ráútà, ló ti gbó, kí n ra ráútà mìíràn lọ́wọ́ òun! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní ọjà tó ti jáde kì í wọlé.

Ó tún ń ta wáyà WIC-1T, olórí ńlá oní-pín-ìn 60, fún ẹni tó ní WIC-2T oní-26. "Ẹ tì í, á wọlé." Pín-ìn á tẹ̀ ni.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà console yín, èyí tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, dání. Ẹ ki orí kan wáyà tí ẹ fẹ́ rà bọ ráútà òǹtajà, ẹ tẹ show controllers, ẹ kà á, kí ẹ tó ki orí kejì. Ráútà kan péré ti tó. Bí kò bá síná, ẹ padà sílé pẹ̀lú owó yín.

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta ojúlówó l'Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ṣì ń dúró.