Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwé ìran Írẹ́lándì: ìwé tó ti jóná ni wọ́n ń tà

Ẹ̀yin ará wa ní Boston, New York, Chicago àti Dublin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Írẹ́lándì tàbí tí ẹ ń bá àwọn àna yín wá orírun wọn, ẹ ka èyí kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà káàdì yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìtàn ìran. Àwọn àgbàlagbà tó bá ń béèrè nípa baba ńlá wọn lórí Facebook ló ń dọdẹ. Á kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀, á pọ́n wọn lé, á béèrè orúkọ ìdílé wọn, kò sì ní béèrè ohun mìíràn mọ́ ju owó lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bá sanwó ni fáìlì aláràbarà á dé.

Dọ́là 650 ni bàbá ìyàwó mi san. Inú wọn dùn, wọ́n pè mí pé kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé èmi náà máa ń bá àwọn èèyàn wá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú fáìlì náà ni ìwé ẹ̀rí ìbí Patrick, baba ńlá wọn tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà: wọ́n bí i ní Mayo ní 1839, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìjọba wo? Ọdún 1864 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ ní Írẹ́lándì. Ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe ìjọ Àgùdà nìkan ni wọ́n ti ń kọ láti 1845. Ọmọ Àgùdà tí wọ́n bí ní 1839, bí ó bá ní ìwé rárá, inú ìwé ìrìbọmi fádà ló máa wà: ìlà kan péré, lédè Látìn nígbà mìíràn, pẹ̀lú orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti ti àwọn tó dúró fún ọmọ. Fádà kì í lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ojú ewé kan látinú ìkànìyàn ọdún 1851. Ẹ bá rí i! Wọ́n ti pa á láró bí ìwé àtijọ́, wọ́n fi iná jó etí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n kọ orúkọ bàbá, ìyá àti ọmọ méje síbẹ̀ pẹ̀lú gègé. Ẹni tó ṣe é gbìyànjú. Àmọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin bú gbàmù, ó sì jóná. Ibẹ̀ ni ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 wà, díẹ̀ ṣíún ló ṣẹ́kù nínú wọn. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti pa wọ́n run ṣáájú iná náà. Ti 1881 àti 1891, wọ́n gún wọn pọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní kí wọ́n lè fi ṣe pépà tuntun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé 1901 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó wà lódindi fún gbogbo Írẹ́lándì.

Ọ̀nà kan wà tí òótọ́ fi lè wà níbẹ̀ o, mi ò fẹ́ kí oníjìbìtì náà fi èyí tàn yín. Nígbà tí wọ́n ṣòfin owó àwọn arúgbó ní 1908, ọ̀pọ̀ arúgbó ni kò ní ìwé ìbí tí wọ́n fi máa fi ọjọ́ orí wọn hàn. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń wo ìkànìyàn 1841 àti 1851 fún wọn, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sórí fọ́ọ̀mù. Àwọn fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì National Archives ti Írẹ́lándì. Fọ́ọ̀mù lásán ni, kì í ṣe ojú ewé ìkànìyàn tí iná jó létí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ìwé tó ní Patrick gba Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé, wọ New York ní 1847. Lóòótọ́, 1847 wà láàárín ìyàn ńlá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 nígbà tí ànàmọ́ òyìnbó ń jẹrà nínú ilẹ̀, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sì sá kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1892 ni wọ́n ṣí Ellis Island. Annie Moore, ọmọbìnrin kan láti Cork, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá. Castle Garden ni ibùdó tí wọ́n ń lò ṣáájú, láti 1855. Ẹni tó dé ní 1847, etí omi ló sọ̀kalẹ̀ sí. Orúkọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi, torí Amẹ́ríkà ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti 1820, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà “Ireland” nìkan ni wọ́n kọ síbi ìlú rẹ̀.

Annie Moore yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ka obìnrin kan tó lọ gbé ní Texas sí Annie Moore tó kọ́kọ́ wọlé. Ní 2006, Megan Smolenyak tó ń wádìí ìtàn ìran fi hàn pé Illinois ni wọ́n bí ti Texas sí, pé Annie gidi kò kúrò ní New York, kò tilẹ̀ jìnnà sí etí omi tó sọ̀kalẹ̀ sí. Orúkọ wọn bára mu, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sí gbájúẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó fẹ́ gbowó yín lè ṣe.

Torí náà, ayédèrú ìwé kọ́ ló burú jù. Ohun tó tún wà nínú fáìlì yẹn ni ìwé ìrìbọmi tòótọ́ kan, tí oníjìbìtì náà wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ látorí ìkànnì National Library ti Írẹ́lándì. Patrick kan ni, orúkọ ìdílé rẹ̀ bára mu, Mayo náà ni. Ta ló sọ pé Patrick ti àna mi ni? Írẹ́lándì ní abà àti abúlé kéékèèké tó lé ní 60,000, orúkọ kan náà sì pọ̀ nínú wọn lọ súà. Bí ẹ kò bá tíì mọ abà tí èèyàn yín ti wá, kò sí olóòótọ́ tó lè nawọ́ sí Patrick kan kó ní òun rèé.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sábà máa ń rí orúkọ abà yẹn, kì í ṣe Írẹ́lándì. Ẹ wo òkúta ibojì, ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé tí wọ́n fi di ọmọ Amẹ́ríkà. Ní New York, báǹkì Emigrant Savings tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1850 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bi oníbàárà léèrè ibi tí wọ́n bí i sí, ọkọ̀ tó gbé e dé, àwọn òbí àti àbúrò rẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa wá gba owó rẹ̀. Ní Boston, láti 1831 títí di 1921, ìwé ìròyìn Pilot ń tẹ ìkéde àwọn tó ń wá èèyàn wọn: tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó pàdánù ara wọn, ìyàwó tó ń wá ọkọ, pẹ̀lú orúkọ ìjọ àti abúlé. Mo fẹ́ràn àwọn ìkéde yẹn ju gbogbo ìwé yòókù lọ. Olùwádìí gidi á kọ́kọ́ da ìbéèrè bo yín nípa irú nǹkan wọ̀nyí. Èyí tí kò bá béèrè, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Oníjìbìtì náà tún fi àmì ìdílé sí i, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára pákó. Ọmọ Yorùbá lè rò pé ó dà bí oríkì tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni ọ́fíìsì Chief Herald, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àmì ìdílé ní Dublin, ń fún ní àmì bẹ́ẹ̀, ó sì lè di ti ìran tirẹ̀. Kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tó mú kí n kọ èyí láìdúró ni pé oníjìbìtì náà ti padà wá. Ó ní kí Dádì san dọ́là 1,800 sí i, òun á fi Patrick gba páásípọ́ọ̀tù Írẹ́lándì fún wọn. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òbí yín kan bá jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì tí wọ́n bí ní erékùṣù náà, ọmọ Írẹ́lándì ni ẹ̀yin náà. Bí ó bá jẹ́ òbí àgbà ni wọ́n bí níbẹ̀, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn, yúrò 278 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Bí ó bá ti ré kọjá bẹ́ẹ̀, àfi tí òbí yín bá ti forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ẹni tó kúrò ní 1847 kò lè fún àna mi ní páásípọ́ọ̀tù.

Ẹ lọ sí irishgenealogy.ie fún ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní National Archives. Griffith's Valuation, ìwé ìdíyelé ilẹ̀ àti ilé ti 1847 sí 1864, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Ask About Ireland. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbowó ni olè o. Bí iṣẹ́ bá kọjá agbára yín, ẹgbẹ́ Accredited Genealogists Ireland ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn níta fún gbogbo èèyàn láti rí.

Ẹni tó bá ti sanwó pẹ̀lú káàdì, kí ó pe báǹkì lónìí, torí wọ́n ní gbèdéke ọjọ́. Ẹ fi ìwé ìbí 1839 náà àti ọdún 1864 hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí a ṣe nìyẹn, owó Dádì sì ti padà.