Mo ka Solaris tán: àkúdàáyà tí kò mọ̀ pé òun ti kú

Òru méjì ni mo fi ka ìwé yìí, lórí fóònù, nígbà tí kò síná ládùúgbò. Stanisław Lem, ọmọ Poland, ló kọ ọ́ lọ́dún 1961. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti 1970 ni mo rí kà. Láti inú èdè Faransé ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀, abájọ tí gbólóhùn míì fi gan bí ẹ̀kọ àná.

Kelvin gúnlẹ̀ sí ibùdó kan tó léfòó sókè òkun pílánẹ́ẹ̀tì Solaris. Èèyàn mẹ́ta ló yẹ kó bá níbẹ̀. Ọ̀kan ti pa ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èkejì rí i, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀kẹta tilẹ̀kùn mọ́rí, bẹ́ẹ̀ kò dá wà nínú yàrá. Kelvin sùn, ó jí, ó bá Rheya, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú láti bí ọdún mẹ́wàá, tó jókòó tì í. Òkun yẹn ló ń fa irú wọn yọ látinú orí àwọn tó wà ní ibùdó.

Àkúdàáyà tiwa, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ. Bó bá fojú kan ará ilé rẹ̀, ó pòórá nìyẹn. Èyí kò mọ̀ pé òun ti kú rárá, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rìn jìnnà sí òun. Bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ojú ayé lásán ni, kò ṣeé tú, àfi kí wọ́n gé aṣọ náà kó tó lè bọ́ ọ. Kelvin tàn án wọnú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yìn ín lọ. Òmíràn dé. Òun fúnra rẹ̀ ló mú sísọ́ọ̀sì tó gé tirẹ̀. Bí Kelvin ṣe máa wo orí àga, aṣọ méjì ló rí, bákan náà gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lọ wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mi.

Inú bí mi síbì kan o. Obìnrin dúdú kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé yìí. Lem ró yẹ̀rì koríko fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu. Ó dáa tó bá jẹ́ pé inú orí ọkùnrin tó pa ara rẹ̀ yẹn ni òkun ti fà á yọ, ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ fi í síbẹ̀?

Ibi tí Kelvin ti ń ka ìwé àwọn onímọ̀ nípa òkun náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fo díẹ̀, mo tún padà, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé gbogbo ìwé yẹn, kò sí èyí tó mọ ohun tí òkun ń fẹ́.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Lánàá ló kan aṣọ méjì yẹn. Aago méjì òru ló pè mí. Kò rí nǹkan kan sọ, ó ṣáà ní kí n má tíì gé fóònù.