Tíkẹ́ẹ̀tì, ìjókòó háyà àbí ọkọ̀ tiyín? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ wọ eré ìje ọkọ̀ àtijọ́ láti Àjàṣẹ́

Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ilẹ̀ Faransé ló kó ìfẹ́ eré yìí ràn wá. Wọ́n á fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Ford GT40 ń bú ramúramù nínú òkùnkùn, Porsche kékeré kan ń lé e bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń wò ó ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu á fi bèèrè pé, èló ni wọ́n ń ta irú ọkọ̀ yìí? Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń tà nídìí eré ìje àfaradà ọkọ̀ àtijọ́: àyè ìwòran, ìjókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíì, àti ọkọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ra ẹ̀kẹta kó tó mọ adùn àkọ́kọ́ máa ń tà á ní gbàǹjo.

Nínú eré àfaradà, wákàtí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìje. Awakọ̀ méjì tàbí mẹ́ta á máa gba ọkọ̀ kan náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á rọ epo, wọ́n á pààrọ̀ táyà, ọkọ̀ á sì tún jáde. Ẹni tó yára jù ní ìyípo kan kọ́ ló ń gba ife, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn dáadáa nígbà tí wọ́n bá ju àsíá ni.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba owó ká tó lọ jìnnà. Yúrò kan jẹ́ 655.957 CFA, iye yìí kì í sì í gòkè sọ̀kalẹ̀ bíi ti náírà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá pè ní 50,000 yúrò, 32,797,850 CFA ni, ẹ lè máa tọ́jú owó yín díẹ̀díẹ̀ láì bẹ̀rù pé ọjà á sá fún yín nítorí pàṣípààrọ̀. Pọ́n-ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ tọ́ka àwọn èèyàn wa sí Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù.

Tíkẹ́ẹ̀tì: Le Mans àbí Spa?

Le Mans Classic, eré ọkọ̀ àtijọ́ ní ìlú Le Mans ní Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, lórí odindi pápá tí wọ́n ti ń sá eré wákàtí 24 tó gbajúmọ̀, tí ìyípo kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13.626. Ètò tí a mọ̀ ọ́n mọ́ títí di 2023 ni pé wọ́n ń pín àwọn ọkọ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n jáde, láti àwọn tó sáré ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì títí dé àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta láti Sátidé sí Sọ́ńdè, ní òru, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní ọ̀sán gangan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀wọ́ àtijọ́ ṣì máa ń ṣe bíi ti ayé ọjọ́un: awakọ̀ á sáré ré ọ̀nà kọjá kó tó fò wọ ọkọ̀. Ọdún 1969 ni àṣà yẹn dópin nínú wákàtí 24 gidi. Awakọ̀ kan, Jacky Ickx, rọra ń rìn lọ bá ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ń sáré, kí ayé lè rí i pé àṣà náà léwu, torí kò sẹ́ni tó ń ráyè di bẹ́líìtì. Òun ló gbéra gbẹ̀yìn. Òun àti awakọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, Jackie Oliver, náà ló sì gba ife nínú GT40 wọn.

Spa Six Hours, ní Bẹ́ljíọ̀mù, jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Eré kan ṣoṣo ni, wákàtí mẹ́fà gbáko láìdúró, fún ọkọ̀ tó ṣáájú 1966. Ìyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 7.004, ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì lè wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí eré. Inú igbó Ardennes ni pápá náà wà: òjò lè máa dà ní apá kan kí apá kejì gbẹ táútáú, kí awakọ̀ má mọ táyà tí yóò lò.

Bó bá jẹ́ ìwòran nìkan lẹ fẹ́, Le Mans ni kẹ́ ẹ rà. Ọkọ̀ ojú irin láti Montparnasse ní Paris ń dé ìlú náà láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, táráàmù sì wà láti ibùdókọ̀ dé ẹ̀bá pápá. Ẹni tó bá dé Spa láìní ọkọ̀ tàbí ẹni tí yóò gbé e á jìyà. Àmọ́ bó bá wà lọ́kàn yín pé ọjọ́ kan ẹ̀yin náà á wakọ̀, Spa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí gbogbo iṣẹ́ náà lójú kòrókòró: bí wọ́n ti ń rọ epo, bí awakọ̀ kan ti ń bọ́ sílẹ̀ tí èkejì ń wọlé, bí mẹkáníìkì ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ gbígbóná. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ ní ibi méjèèjì, físà Schengen kan náà ló sì gbà yín wọlé.

Goodwood Revival ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́wà gan-an, ó ti wà láti 1998, gbogbo èrò ló sì ń múra bí ayé ọdún 1940 sí 1960. Ṣùgbọ́n físà rẹ̀ yàtọ̀, owó rẹ̀ yàtọ̀, àwọn tí wọ́n bá pè nìkan ló sì ń wakọ̀ níbẹ̀. Ẹ má torí Goodwood ra ọkọ̀.

Ìjókòó háyà

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń fi ọkọ̀, mẹkáníìkì, táyà àti epo sílẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó, kí tiyín ṣáà jẹ́ akoto, aṣọ tí iná kò lè jó, àti láísẹ́ǹsì ìdíje. Láísẹ́ǹsì yìí kì í ṣe pẹrímì tí ẹ fi ń wakọ̀ lọ sí Kútọ̀nú. Ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ orílẹ̀-èdè tí FIA, àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé, mọ̀ ló ń fún èèyàn, ní Faransé FFSA ni, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò. Owó ìpàdé eré kan lè dà bí ẹni ń da omi sínú ajere, síbẹ̀ mo rò pé òun ló tọ́ sí púpọ̀ nínú wa. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kà dáadáa nínú ìwé àdéhùn wọn, ìyẹn iye tí ẹ máa san bí ọkọ̀ bá fara gbá. Níbẹ̀ ni owó tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ń fara pamọ́ sí.

MGB àbí Porsche 911?

Ká gbà pé ẹ ti pinnu láti ra ọkọ̀. GT40, AC Cobra, Jaguar E-Type tí wọ́n fi sáré láyé àtijọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn olówó ayé. Lotus Elan fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì yára, àmọ́ fáíbà-gíláàsì lásán ni ara rẹ̀, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó bá ti rí ìjàǹbá. Ọkọ̀ méjì ló kù tí mo máa fi síwájú ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́.

MGB, ọkọ̀ kékeré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní 1962. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1798cc, irin dídà, sílíńdà mẹ́rin, sípíríǹgì pẹlẹbẹ lẹ́yìn bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí mẹkáníìkì wa nínú rẹ̀. Ní Le Mans 1963, ó há sínú iyanrìn ní kọ́nà Mulsanne, awakọ̀ rẹ̀ wa iyanrìn fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ọkọ̀ náà sì tún parí eré ní ipò 12. Ó padà lọ ní 1964 àti 1965, ó parí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1966, MGB gba ife ní Marathon de la Route, wákàtí 84 lórí pápá Nürburgring ní Jámánì. Ìwé ẹ̀rí àfaradà nìyẹn.

Porsche 911 wá láti ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi hàn ní Frankfurt ní 1963, 901 ni orúkọ rẹ̀, kí Peugeot tó sọ pé àwọn ló ni nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín. Ẹni tó bá ti gun 404 tàbí 504 lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí Peugeot ń dáàbò bò. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1991cc, sílíńdà mẹ́fà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ó dé Le Mans fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1966, ó ṣe ipò 14. Ó yára ju MGB lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Peter Auto, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò eré ọkọ̀ àtijọ́ ní Faransé, sì ní ìdíje pàtàkì kan, 2.0L Cup, tí àwọn 911 tó ṣáájú 1966 nìkan ń bá ara wọn sá.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni ìwà wọn lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì 911 wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, gígùn àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn sì kúrú, mìlímítà 2,211 péré. Bí awakọ̀ bá kánjú wọ kọ́nà, tó wá bẹ̀rù, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gáàsì lójijì, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí. Àwọn Porsche fúnra wọn mọ̀ ọ́n: wọ́n fi irin wúwo pamọ́ sínú bọ́ńpà iwájú, wọ́n sì fa ọkọ̀ náà gùn sí 2,268 fún ọdún 1969. MGB kì í dédé jáni kulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kó tó yọ̀, ẹni tí kò tíì mọwọ́ ẹ̀ sì ní àyè láti tún un ṣe.

Nípa ẹ̀yà ara, wọ́n ṣì ń rọ ara MGB tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní, páátì rẹ̀ kò wọ́n, kò sì ṣòro rí. Páátì 911 àtijọ́ wà, àmọ́ owó rẹ̀ ń ta èèyàn lójú, títún ẹ́ńjìnì kan tò sì lè gba owó tí ẹ bá fi ra MGB tó ń rìn. Lórí ìpatà, àwọn méjèèjì ò ṣe é fọkàn tán. Páànù abẹ́ ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gún wò lára MGB. Lára 911, ẹ wo abẹ́ iwájú níbi tí apá táyà ti so mọ́ ara, àti ibi tí ọ̀pá tọ́ṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì wà lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé Porsche kì í dípatà: àwọn ti ọdún 1976 síwájú ni wọ́n fi síńkì bò, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè wọ eré àwọn tó ṣáájú 1966.

Bó bá jẹ́ MGB lẹ máa rà, ẹ bèèrè bí béárìn kíráńkì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mẹ́ta ni àwọn àkọ́kọ́ ní, ó di márùn-ún ní ìparí 1964. Fún wákàtí mẹ́fà, èmi á wá ti márùn-ún.

Èrò mi kò fara sin: MGB ni kí ẹni àkọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá ti fi ọdún méjì parí eré nínú rẹ̀ lè tà á kó ra 911, yóò sì mọ ohun tó ń rà.

Ìwé ṣáájú kọ́kọ́rọ́

Ọkọ̀ tí kò ní HTP, ìwé ìrìnnà ìmọ̀ ẹ̀rọ tí FIA ń fún ọkọ̀ àtijọ́, kò lè wọ ọ̀pọ̀ àwọn eré wọ̀nyí, bó ti wù kó dán tó. Ẹ bá nọ́ńbà ṣáásí tó wà nínú ìwé náà mu pẹ̀lú èyí tí wọ́n lù sára ọkọ̀. Ẹ wo fọ́tò inú rẹ̀, ẹ fi wé kábúrétọ̀, bíréèkì àti táyà tó wà níwájú yín. Àwọn alágbàtà kan máa ń ki HTP bí oríkì, bí ẹni pé ó jẹ́rìí pé ọkọ̀ náà sáré ní Le Mans rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n ṣe to ọkọ̀ náà bá ti ayé àtijọ́ mu, ọkọ̀ tí wọ́n kàn láìpẹ́ yìí náà lè ní in. Ìtàn ọkọ̀ ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ bèèrè fún un.

Ẹ má kó MGB tàbí 911 wá sílé. Ẹ fi í sọ́dọ̀ mẹkáníìkì eré ìje ní Faransé, kẹ́ ẹ máa san owó ibùgbé rẹ̀ lóṣooṣù. Bẹ́ ẹ bá gbé e gba èbúté Kútọ̀nú wọlé, ẹ máa bá àwọn aṣọ́bodè ṣe é ní àlọ, ẹ tún máa ṣe é ní àbọ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ á sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀ láàárín méjèèjì.

Peugeot tiwa ńkọ́?

Ibí ni ọkàn mi wà jù. East African Safari Classic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kò sá lórí pápá. Ojú ọ̀nà amọ̀ àti òkúta Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni, ọjọ́ púpọ̀ ni, ọkọ̀ tó ṣáájú 1986 ló sì wà fún. Àwọn 911 ló pọ̀ níbẹ̀, Björn Waldegård fi ọ̀kan gba ife ní 2011. Ṣùgbọ́n nínú Safari Rally àtijọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Peugeot 404 gba ife ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ove Andersson fi 504 gbà á ní 1975, Jean-Pierre Nicolas sì fi 504 Coupé V6 gbà á ní 1978.

Ẹ fi 504 wé MGB báyìí. Spa kò gba 504, torí 1968 ló jáde. Àmọ́ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń bẹ ní gbogbo gáréèjì láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́, èbúté Kútọ̀nú sì lè gbé e dé Mọ̀ḿbásà láìfẹsẹ̀ kan Yúróòpù. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà ni pé èyí tó pọ̀ ní gáréèjì takisí wa jẹ́ familiale (ọkọ̀ elérò gígùn) tàbí bâchée (píkọ́ọ̀pù), àáṣù gbọọrọ kan tó so táyà méjèèjì pọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn, torí ẹrù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Sálúùnù ni Andersson wà, tí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gòkè sọ̀ lọ́tọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ máa wá. Ó ti ń ṣọ̀wọ́n, torí àwọn onírin àlòkù ń ra àwọn tó kù. Bẹ́ ẹ bá rí sálúùnù kan lẹ́yìn ilé bàbá àgbà kan ní Kétu, tí abẹ́ rẹ̀ ò tíì jẹrà, tí ìwé rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá dáadáa, kẹ́ ẹ bá wọn dúnàádúrà kí onírin tó dé.