Káàdì LASRRA: Ohun Tó Lè Ṣe fún Yín, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹ lọ gba káàdì yìí, tí LASRRA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùgbé Èkó sílẹ̀, ń fúnni. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló sì gbé e kalẹ̀. Bí ẹ ti ń gbé Èkó ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kì í ṣe ilé bàbá yín: ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìgbò tó ń tajà ní Alaba, Hausa tó ń ta ata ní Mile 12, káàdì kan náà ni.

NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ni ẹ máa kọ́kọ́ mú dání. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ, ọ̀dọ̀ NIMC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní NIN, ni àtúnṣe wà. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ yẹ ìyẹn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bíríkìlà tàbí aláró tí ìlà ìka rẹ̀ ti ń parẹ́, kó fọ ọwọ́, kó fi ìpara díẹ̀ ra á kó tó tẹ̀ka.

Àmọ́ káàdì yìí kò sọ yín di ọmọ ìbílẹ̀ Èkó. Níbi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ mú lẹ́tà káńsù wá pé ọmọ ìbílẹ̀ ni yín, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ó ń dunni, torí pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń san owó orí fún.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà méjì. Abala 41 ní kẹ́ ẹ gbé ibi tó bá wù yín, 43 ní kẹ́ ẹ ra ilẹ̀ níbẹ̀, 42 ní kí ìjọba má fi ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ̀ wá nìkan dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 42(3) yọ yíyan èèyàn sípò ìjọba sílẹ̀. 147 tún ní kí mínísítà kan, ó kéré tán, jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ta wá ni ọmọ ìpínlẹ̀? 318 dáhùn: ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ ibẹ̀. Abala 15 ṣèlérí ẹ̀tọ́ ìgbé kíkún fún gbogbo wa, àmọ́ abala 6 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè fipá gbà á.

Ní Amẹ́ríkà, California fẹ́ máa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní iye owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ tó ti wá ń san, fún ọdún kan gbáko. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wọ́gi lé e ní 1999. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bí sí Yaba ṣì lè máa wá lẹ́tà káńsù bàbá bàbá rẹ̀ kiri.

Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá torí ìlú yín fi nǹkan dù yín, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò, ẹ gba èsì wọn lórí ìwé. Abala 46 fún yín láyè láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹ so ẹ̀dà káàdì LASRRA mọ́ ìwé ẹjọ́ náà. Ẹ̀rí ìgbé ni.