Kòṣeégbé tọ́ sí àwo tó dáa

Saworoidẹ ni gbogbo ayé ń pariwo, ṣùgbọ́n Kòṣeégbé, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1995, nípa ọ̀gá aṣọ́bodè tí kò gba rìbá, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún tẹ̀ sórí àwo tó dáa. Irú VCD (àwo fídíò) àtijọ́ tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà Àkẹ́sán ní Ọ̀yọ́ kò tó o: 352 sí 288 píksẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, péré. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú òṣèré á rí wálawàla bíi bíríkì. Àwo kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ni wọ́n bá ń gé eré sí méjì. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra VCD náà, ẹ yí àwo sí ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tó họ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tó họ yípo bí òrùka ló ń mú un há. Láti àárín síta lẹ ó máa nù ún. Tí wọ́n bá máa tún un tẹ̀, inú téèpù àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti fà á, kì í ṣe inú VCD.