Ilé Búrẹ́dì Ẹ̀yìn Ojú Irin ní Agége

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé búrẹ́dì tí ó wà lẹ́yìn ojú irin ni aago àdúgbò wa ní Agége, nítorí pé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Lóòótọ́, Ẹbùté Mẹ́tta ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí, ti sọ búrẹ́dì di òwò ńlá lẹ́yìn ọdún 1920, ṣùgbọ́n Agége ni ó gba orúkọ, tí a fi ń pè é ní búrẹ́dì Agége.

Mo tún lọ ra búrẹ́dì ní ilé búrẹ́dì ẹ̀yìn ojú irin náà lóṣù tí ó kọjá. Ó ṣì wúwo lọ́wọ́. Bí mo sì ti fà á ya ni inú rẹ̀ ń yọ bí òwú, nítorí pé wọ́n ṣì ń ti ìyẹ̀fun pípò náà gba àárín irin méjì léraléra kí wọ́n tó fi í sínú agolo. Mo fi jẹ ẹ̀wà aganyin, ata dúdú náà wọ inú rẹ̀, kò sì rọ̀ jù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ṣúgà ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ìdí rẹ̀ sì jóná díẹ̀. Ti owó, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ẹ tètè lọ o, nítorí pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, èyí tí ó ti tutù ni ẹ ó bá.